Aago Olówó Ńlá Tó Bà Jẹ́ Nígbà Tí Wáràǹtì Rẹ̀ Ṣì Wà: Bí Ẹ Ṣe Máa Gbé E Láti Ilẹ̀ Òkun Dé Ọ̀dọ̀ Ilé-iṣẹ́ Tó Ṣe É

Ó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà àti ní Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ àwọn Yorùbá Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ra aago olówó ńlá fún bàbá rẹ̀ nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì. Kò tíì pé ọdún méjì, aago bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kó máa dúró lóru. Bàbá á gbé e fún ẹni tó ń tún aago ṣe lọ́jà, onítọ̀hún á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á kán epo sí i, á sì dé e padà. Nígbà tí ọmọ bá fi máa gbọ́, ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ á ti ní àwọn kò ní fọwọ́ kàn án láìgba owó, torí wọ́n rí ojú irin ẹlòmíì lára ìdérí ẹ̀yìn. Owó àtúnṣe bẹ́ẹ̀ máa ń tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Mi ò fi èyí bú àwọn tó ń tún aago ṣe lọ́jà wa. Ọ̀pọ̀ wọn mọ iṣẹ́ bátìrì, ẹ̀wọ̀n àti gíláàsì dunjú, àwọn ni mo sì máa ń gbé aago ara ògiri fún. Aago tí wáràǹtì rẹ̀ ṣì wà láàyè ni kì í ṣe tiwọn láti ṣí. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún aago tí kì í lo bátìrì rárá: èyí tí a ń fi ọwọ́ yí lójoojúmọ́, àti èyí tí ìrìn apá ẹni tó wọ̀ ọ́ ń yí.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Aago fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tàbí bẹ́líìtì rẹ̀.
- Káàdì wáràǹtì tó bá a wá. Káàdì gangan ni mò ń sọ, kì í ṣe páálí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tọ́jú páálí, wọ́n sọ káàdì nù.
- Rìsíìtì. Bí ọmọ ló rà á, kó wá ìméèlì tí ìsọ̀ fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà, tàbí ìwé báńkì tó fi hàn pé owó jáde.
- Fóònù tó ní kámẹ́rà tó dáa, tó sì ní kọ́ńpáàsì.
- Ìwé kékeré kan àti bírò.
- Aṣọ rírọ̀ tó mọ́, èyí tí ẹ lè fi nu ìgò ojú.

Ìpele kìíní: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i

Láti ìgbà tí ẹ bá ti fura sí aago náà, ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí mọ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí. Ó wà nínú ìwé wáràǹtì àwọn ilé-iṣẹ́ aago ńlá pé bí ẹni tí àwọn kò fọwọ́ sí bá ṣí i, ọ̀rọ̀ bù ṣe. Ẹ má gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má rì í sínú ìrẹsì.

Bí ẹ bá rí ìrì omi lábẹ́ gíláàsì, ẹ fo ìpele kejì, ẹ bọ́ sí ìkẹta lọ́jọ́ náà gan-an. Irin wẹ́wẹ́ inú aago lè bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí omi bá ti wọlé. Ẹ ya fọ́tò ìrì náà kó tó pòórá, kí kókó ẹ̀gbẹ́ aago, èyí tí a fi ń yí i, sì hàn nínú fọ́tò bó ṣe wà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni bóyá kókó náà wà ní títì nígbà tí omi kàn án. Bí wọ́n bá rí i pé ṣíṣí ló wà, ẹ̀bi yín ni wọ́n máa kà á sí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: nọ́mbà 30 mítà tó wà lẹ́yìn aago kò túmọ̀ sí pé ẹ lè wọ odò pẹ̀lú rẹ̀. Òjò tó ta sí i àti omi ìfọwọ́ ló lè gbà. Ẹni tó bá ń fi irú aago bẹ́ẹ̀ wẹ omi gbígbóná lójoojúmọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba rọ́bà tó ń dí omi jẹ́ ni.

Àyẹ̀wò ìpele yìí: gbogbo ará ilé ti gbọ́ pé aago náà kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ pe bàbá fúnra yín, ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí i: “Dádì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi aago yẹn sínú àpótí, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni o. Mo ń bọ̀ wá ṣètò rẹ̀.” Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ọ̀rẹ́ bàbá kan á mọ ẹnì kan tó mọ aago í tún ṣe.

Ìpele kejì: ẹ rí i dájú pé aago náà bà jẹ́ lóòótọ́

Ìpele yìí ló ń gba àsìkò jù, òun náà ló sì ń gbani lọ́wọ́ ìrìnàjò lásán. Ọ̀pọ̀ aago tí wọ́n gbé láti Yàgbà dé Àbújá kò ní nǹkan kan lára.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára inú rẹ̀. Aago tí ìrìn apá ń yí nílò ẹni tó ń rìn. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tó sì bọ́ aago sílẹ̀ kó tó sùn, kò yí i tó. Aago á dúró lóru, ẹ ó sì rò pé ó ti bà jẹ́. Ẹ di kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú (bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń tú bí ìdérí ìgò, ẹ kọ́kọ́ tú u), ẹ yí i síwájú ní nǹkan bí ọgbọ̀n sí ogójì ìgbà, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ rántí tì í padà. Èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ni a fi ń yí i, ibi tó bá ti le ni kí ẹ dúró, ẹ má fi agbára tì í. Àwọn Seiko kan tó ti pẹ́ kò gba ọwọ́ yíyí rárá. Ẹ mì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ ti ń yí i, ẹ tẹ́tí. Bí ẹ bá gbọ́ tí irin olóbìírí inú rẹ̀, èyí tí ìrìn apá máa ń yí, ń fò yípo yípo pẹ̀lú ariwo nígbà tí ẹ̀yin ń yí kókó, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àléébù gidi nìyẹn, àwọn tó mọ iṣẹ́ á sì mọ ibi tó ti wá.

Nígbà tó bá ti kún, ẹ gbé e kalẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọjú sókè, ẹ kọ wákàtí tí ẹ gbé e kalẹ̀ àti wákàtí tó dúró. Aago tó ní ẹ̀rọ ETA 2824-2 nínú yẹ kó ṣe nǹkan bí wákàtí 38. Seiko tó ní ẹ̀rọ 4R36 á ṣe nǹkan bí 41. Rolex tó ní ẹ̀rọ 3235 á ṣe nǹkan bí 70, Tissot Powermatic 80 á sì ṣe 80 bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí. Bí èyí tó yẹ kó ṣe 70 bá dúró ní 30, ẹjọ́ yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, òòfà. Aago tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú sáré lójúmọ́ kan, òòfà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Súpírìǹgì kan wà nínú aago, tó tín-ín-rín bí irun orí, òun ló ń díwọ̀n àsìkò. Bí òòfà bá wọ̀ ọ́, àwọn ìká rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, á kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, aago á sì máa sáré. Níbo ni òòfà ti ń wá nílé? Ẹ wo sípíkà ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn kúáyà máa ń gbé nǹkan lé, páálí fóònù tó ń lẹ̀ mọ́ra, ìdè báàgì ìyá, rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ṣí kọ́ńpáàsì fóònù, ẹ gbé fóònù sórí tábìlì onígi, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sinmi. Ẹ gbé aago sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa yí i. Bí abẹ́rẹ́ bá kàn mì díẹ̀, irin ara aago lè ló fà á. Bí ó bá ń fò lọ fò bọ̀ tẹ̀lé aago bí ẹ ṣe ń yí i, òòfà ti wọ̀ ọ́. Àwọn ìsọ̀ tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí ní ẹ̀rọ tó ń yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìṣí ẹ̀yìn aago. Wáràǹtì kì í sábà kan ọ̀rọ̀ òòfà, nítorí náà ẹ má gbé e lọ bí ẹ̀sùn, àyàfi bí aago yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe kó lè kọ òòfà. Omega tí wọ́n kọ Master Chronometer sí lára, wọ́n ti dán an wò pẹ̀lú òòfà tó le tó 15,000 gauss (gauss ni òṣùwọ̀n agbára òòfà). Bí irú rẹ̀ bá gba òòfà nínú ilé, ẹ ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ìwọ̀n ìsáré tàbí ìlọ́ra ló kàn. Ẹ yí aago kún láàárọ̀, ẹ ṣe é bá àsìkò orí ìkànnì time.is mu títí dé ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ wọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń wọ̀ ọ́, kí ẹ sì kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Ohun tí ẹ máa kọ kò ju irú èyí lọ:

Ajé, 7:00 àárọ̀: mo yí i ní ogójì ìgbà, mo ṣe é bá a mu.
Ìṣẹ́gun, 7:00: ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 14 ṣáájú.
Ọjọ́rú, 7:00: ó fi 29 ṣáájú.
Ọjọ́bọ̀, 7:00: ó fi 45 ṣáájú.
Ẹtì, 7:00: ó fi 60 ṣáájú.

Aago yìí ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 15 sáré lójúmọ́. Ṣé ó bà jẹ́? Ó sinmi lórí ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣèlérí. Rolex ní àwọn kò gbà ju 2 lọ síwájú tàbí 2 sẹ́yìn lójúmọ́. Omega Master Chronometer, láti 0 sí 5 síwájú. Aago tí àjọ COSC ti Switzerland fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ lọ́ra ju 4 lọ tàbí kó sáré ju 6 lọ ní ìpíndọ́gba. Ṣùgbọ́n ìwé Seiko tó ní ẹ̀rọ 4R sọ pé ó lè lọ́ra tó 35 tàbí kó sáré tó 45. Ìṣẹ́jú-àáyá 15 yìí kan náà jẹ́ àléébù gidi lára Rolex, kò sì jẹ́ nǹkan kan lára Seiko. Ẹ ka ìwé tó bá aago yín wá kí ẹ tó bínú.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ooru wa ló fà á. COSC ń dán ẹ̀rọ aago wò fún ọjọ́ 15, ní ipò márùn-ún, nínú ìwọ̀n ooru mẹ́ta, èyí tó ga jù nínú wọn sì jẹ́ 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru Lọ́kọ́jà lóṣù Ẹrẹ́nà kò ṣàjèjì sí wọn. Ti pé ẹ fi aago sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ déètì ló kù. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́ta òru, eyín tó ń yí déètì ti wọnú ara wọn lára ọ̀pọ̀ aago. Ẹni tó bá fi ọwọ́ yí déètì kíá ní àkókò yẹn lè ṣẹ́ eyín náà, ilé-iṣẹ́ á sì ní oníaago ló ṣe é. Bí aago bá ti dúró, ẹ kọ́kọ́ yí ọwọ́ rẹ̀ síwájú títí déètì yóò fi yí fúnra rẹ̀: òru ni ẹ wà nìyẹn. Ẹ tẹ̀síwájú dé aago mẹ́fà àárọ̀, ìgbà náà ni kí ẹ tó fọwọ́ kan déètì.

Àyẹ̀wò ìpele yìí: ẹ lè sọ àìsàn aago náà ní gbólóhùn kan tó ní nọ́mbà nínú. “Kò ṣe dáadáa” kò tó. “Ó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 15 sáré lójúmọ́, ó sì ń dúró lẹ́yìn wákàtí 31 nígbà tó yẹ kó ṣe 70” ni wọ́n lè ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ìpele kẹta: ẹ yẹ wáràǹtì wò fínnífínní

Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wò lára káàdì: ọjọ́ tí wọ́n tà á, orúkọ ìsọ̀ tó tà á, nọ́mbà irú aago náà, àti nọ́mbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Nọ́mbà ìdánimọ̀ yìí gbọ́dọ̀ bá ti ara aago mu láìyẹ ẹyọ kan. Lára Rolex tuntun, inú òrùka irin tó yí ojú aago ká lábẹ́ gíláàsì ni ẹ ó ti rí i, nítòsí aago mẹ́fà. Lára àwọn tó ti pẹ́, ó wà láàárín apá méjì tí ẹ̀wọ̀n so mọ́. Ọ̀pọ̀ Omega ní in lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn apá tó di bẹ́líìtì mú. Ẹ lo iná fóònù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wá fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kí ẹ tó kà á. Ẹ má yọ ẹ̀wọ̀n fúnra yín bí ẹ kò bá ní irin iṣẹ́ rẹ̀; ojú ìfọ́ á mọ́ ara apá aago, kò sì ní lọ mọ́.

Iye ọdún kì í ṣe ọ̀kan náà. Rolex àti Omega ń fúnni ní ọdún 5. Ọ̀pọ̀ Tissot, ọdún 2. Cartier àti IWC, ọdún 2 ni tí ẹ bá dákẹ́, ṣùgbọ́n ó lè di 8 tí ẹ bá forúkọ aago sílẹ̀ lórí ìkànnì wọn kí ọdún 2 náà tó pé. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ gbogbo ọmọ tó wà lókè òkun: bí ẹ bá ra irú rẹ̀ fún àwọn òbí, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe jù lọ: ibi tí wọ́n ti rà á. Ìsọ̀ tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí yàtọ̀ sí oníṣòwò tó kó aago tuntun jọ láti ibòmíì tó wá ń tà á ní ẹ̀dínwó. Ti èkejì yìí, aago lè jẹ́ ojúlówó, kí ó sì jẹ́ pé wáràǹtì oníṣòwò náà fúnra rẹ̀ nìkan ló bá a wá. Á jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni aago gbọ́dọ̀ padà sí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọjọ́ tó wà lára káàdì ti ṣáájú ọjọ́ tí ẹ rà á ní oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, torí aago ti kọ́kọ́ gba ọwọ́ ẹlòmíì. Ọjọ́ ara káàdì ni ilé-iṣẹ́ máa kà.

Bí ẹ̀bùn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ni, ọ̀nà kejì wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 níbẹ̀ dáàbò bo ẹni tó rà á, lọ́tọ̀ sí wáràǹtì. Láàárín ọjọ́ 30 àkọ́kọ́ ó lè dá aago tó ní àléébù padà kó gba owó rẹ̀. Láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́, wọ́n á gbà pé àléébù náà ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n tà á, àyàfi bí olùtajà bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó rà á ló lè béèrè fún èyí, kì í ṣe bàbá tó ń wọ̀ ọ́. Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló sì ń bójú tó o, fún aago tí ẹ rà níhìn-ín.

Àyẹ̀wò: ọjọ́ kò tíì kọjá, nọ́mbà bára mu, ẹ sì mọ ẹni tí wáràǹtì náà dè, bóyá ilé-iṣẹ́ ni tàbí olùtajà.

Ìpele kẹrin: fọ́tò àti fídíò

Èyí kò pẹ́. Ẹ ya ojú aago, ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di ẹ̀wọ̀n mú, gíláàsì ní ìdàgẹ̀rẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀, àti káàdì pẹ̀lú aago nínú fọ́tò kan náà. Gbogbo ojú ìfọ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ yà ní sísúnmọ́. Bí aago bá padà dé pẹ̀lú ojú ìfọ́ tuntun, fọ́tò yìí nìkan ni ẹlẹ́rìí yín. Ẹ ṣe fídíò kúkúrú tó fi àléébù náà hàn pẹ̀lú fóònù mìíràn tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìpele karùn-ún: ẹ kọ̀wé kí ẹ tó gbéra

Ẹ má wọ ọkọ̀ lọ sí Àbújá tàbí Èkó láìtíì kọ̀wé. Ẹ lọ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe aago, ẹ wá ibi tí wọ́n to àwọn ìsọ̀ àti ibi àtúnṣe wọn sí, kí ẹ yan Nàìjíríà. Orúkọ tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má gbé aago yín fún un, bó ti wù kí pátákó rẹ̀ tóbi tó. Bí kò bá sí ẹnì kankan ní Nàìjíríà, wáràǹtì ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ti gbogbo àgbáyé á jẹ́ kí ẹ lè lò ó ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Dubai tàbí níbikíbi tí wọ́n bá wà.

Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó ṣe ṣókí. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ rèé: irú aago náà àti nọ́mbà rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti rà á, gbólóhùn àìsàn tó ní nọ́mbà nínú, àkọsílẹ̀ ọjọ́ márùn-ún, àti pé kò sí ẹni tó ṣí i rí. Ẹ wá béèrè nǹkan wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan: Ṣé níbẹ̀ gan-an ni ẹ ti ń ṣe àtúnṣe, tàbí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè? Ta ló máa san owó ìfiránṣẹ́ lọ àti bọ̀? Ṣé ẹ fẹ́ káàdì gangan tàbí àwòrán rẹ̀ tó? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni? Ṣé mo máa san owó kankan bí ẹ bá ní wáràǹtì kò kàn án?

Àyẹ̀wò: ìdáhùn wà lọ́wọ́ yín ní kíkọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kò ní ẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí àríyànjiyàn bá dé.

Ìpele kẹfà: bí aago ṣe máa rìn

Bí ẹ bá lè gbé e lọ fúnra yín, ẹ gbé e lọ. Láti Kàbà, ẹ gba Ọbàjánà dé Lọ́kọ́jà, kí ẹ bọ́ sí ọ̀nà Àbújá. Àwọn ará Ẹ̀gbẹ̀ tí wọ́n ń lọ sí Èkó máa ń gba Ìlọrin. Ọ̀sán ni kí ẹ rìn, ẹ má wọ aago náà sọ́wọ́, ẹ má fi í sínú páálí rẹ̀ tó ń dán. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé e, ẹ fi sínú ike kékeré tó le, kí ó wà lára yín, kì í ṣe nínú búùtù ọkọ̀. Ẹ má sọ fún ẹlòmíì ní gáréèjì ohun tí ẹ ń gbé lọ. Ẹ ti kókó rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó jáde: eruku pupa ọ̀nà wa àti eruku sìmẹ́ńtì agbègbè Ọbàjánà kò dára fún aago tí kókó rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Bí ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ló máa gbé e, ẹ ka ìwé wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ní iye kan tí wọn kò lè kọjá bí aago tàbí ohun ọ̀ṣọ́ bá sọnù, iye náà sì lè kéré gan-an sí owó aago yín. Ẹ béèrè ìbánigbófò (inṣọ́ráǹsì) tó kárí iye rẹ̀ gangan. Páálí méjì ni kí ẹ lò, kékeré nínú ńlá, kí nǹkan rírọ̀ dí àárín wọn pinpin. Ẹ má kọ orúkọ aago sára páálí òde. Páálí olówó iyebíye tó bá aago wá, ilé ni kó wà. Ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń dì í, láìdá kámẹ́rà dúró, títí dé ìgbà tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́.

Tó bá máa kọjá sí òkè òkun, ẹ yọ bẹ́líìtì rẹ̀ bó bá jẹ́ awọ ọ̀nì, kí ẹni tó ní irin iṣẹ́ rẹ̀ bá yín yọ ọ́. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ń ṣọ́ awọ bẹ́ẹ̀ ní ibodè, wọ́n sì lè gba bẹ́líìtì náà tàbí kí wọ́n dá gbogbo ẹrù dúró. Ẹ kọ ọ́ gbangba sórí ìwé ẹrù pé àtúnṣe lábẹ́ wáràǹtì ni, pé yóò padà sọ́dọ̀ oníǹkan, pẹ̀lú nọ́mbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Bí ìwé yìí kò bá sí, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè kà á sí ọjà tuntun nígbà tó bá ń bọ̀, wọ́n á sì ní kí ẹ san owó orí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn Kérésì lè bá yín gbé e. Kó mú ẹ̀dà rìsíìtì dání, kí ẹ sì fún un ní lẹ́tà kékeré pé ẹ rán an.

Ìpele keje: nígbà tí wọ́n bá gbà á

Kí ẹ tó kúrò níwájú wọn, ẹ gba ìwé ìgbàwọlé tó ní nọ́mbà ìdánimọ̀, àléébù tí ẹ sọ, àti bí ara aago ṣe rí. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ dán ara rẹ̀ láìgba àṣẹ yín. Àwọn kan á máa yún irin aago kó lè dà bí tuntun. Ìgún etí rẹ̀ á yó, iye tí ẹ lè tà á lọ́jọ́ iwájú á sì wálẹ̀. Èmi kì í gbà á rárá.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ọ̀kan nínú méjì ni wọ́n máa sọ. Bí wọ́n bá ní wáràǹtì kàn án, ẹ sinmi. Bí wọ́n bá ní kò kàn án, ẹ má san kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò inú aago hàn yín, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀: omi ni, ìjábọ́ ni, tàbí ẹlòmíì ló ṣí i? Gíláàsì tó fọ́, bẹ́líìtì tó gbó àti ojú ìfọ́ kò sí nínú wáràǹtì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kankan tí mo mọ̀, ẹ má bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ìjábọ́ ló fà á, tí fọ́tò yín kò sì fi ojú ìpalára kankan hàn níta, ẹ dá èsì padà pẹ̀lú fọ́tò náà, kí ẹ sì kọ̀wé sí oríkò ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú gbogbo ìwé yín. Ẹ lè ní kí wọ́n dá aago padà láìtún un ṣe. Tó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ni ẹ ti rà á tí olùtajà sì ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹ fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí FCCPC lórí ìkànnì wọn. Ìwé tí ẹ kó jọ láti ìpele kejì ni ẹ ó fi ránṣẹ́.

Ìpele kẹjọ: nígbà tó bá padà dé

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan kí ẹ tó wò ó. Nọ́mbà ìdánimọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ yí kókó rẹ̀, ẹ fà á jáde, ẹ yí déètì (ní ọ̀sán), ẹ wò ó bóyá ọwọ́ méjèèjì pàdé gẹ́lẹ́ ní aago méjìlá. Bí ó bá jẹ́ aago tí omi kì í wọ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti dán an wò fún omi lẹ́yìn tí wọ́n dé e, kí èsì rẹ̀ sì wà nínú ìwé.

Nílé, ẹ tún àkọsílẹ̀ ọjọ́ márùn-ún náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí nọ́mbà rẹ̀ bá ti wọ inú ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣèlérí, tó sì ń ṣe iye wákàtí tó yẹ kó ṣe, iṣẹ́ ti parí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ kan náà, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ẹ má dúró di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ ya fọ́tò ìwé àtúnṣe tí wọ́n fún yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó ra aago náà, kí ẹ sì tọ́jú ìwé gangan pẹ̀lú káàdì wáràǹtì. Ẹ wo ọjọ́ tí wáràǹtì máa parí lára rẹ̀, torí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, àtúnṣe kì í fi ọjọ́ kankan kún ti tẹ́lẹ̀.